Kíkà àti Òye: Bí Àwọn Ẹni Ìṣáájú Ṣe Rí Ọ̀nà Wọ Inú Ìwé Èdè Àjèjì



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ahọ́n wa ní oríṣiríṣi, tí ó sì fún wa ní làákàyè tí a fi ń gbọ́ ara wa yé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí Yorùbá tí a ń gbé lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe èyí tí a lè fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Àwọn òbí kan ń sọ pé ilé kéwú ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kò mú èso wá tó bí owó àti àkókò tí a ń ná lé e lórí ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní ọmọ á ka Sūrat Yāsīn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ á sì dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni ó kà, yóò kàn máa wo ojú ẹni ni. Nítorí náà, wọ́n ní kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ gbọ́ kọ́ ọ ní ẹ̀sìn, kí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá parí síbẹ̀. Àwọn àgbà kan sì ń dá wọn lóhùn pé ẹ̀san wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí Mùsùlùmí bá kà nínú Àlùkùránì, ìbáà yé e, ìbáà má yé e, àti pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe kà á tí wọ́n fi kú sínú ìgbàgbọ́.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ni òtítọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jọ gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí a máa kà láìgbọ́, tàbí kí a pa ìwé tì kí a gba ìtumọ̀ mú. Ìtàn kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà Ànábì títí di ìgbà àwọn àáfà Ìlọrin àti Ìbàdàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí ni ó ti dojú kọ ìwé tí kì í ṣe ti èdè ìyá wọn, wọ́n sì wá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n wọn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, kí a tó pinnu ohun tí a óò ṣe fún àwọn ọmọ wa.

Zayd ọmọ Thābit ní Mọ̀dínà

Nígbà tí Ànábì ṣí lọ sí Mọ̀dínà, ìwé ń wọlé fún un láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìkọ̀wé wọn yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, èsì sì gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó pàṣẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Zayd ọmọ Thābit, pé kí ó lọ kọ́ ìwé àwọn Yẹhúdì. Nínú hadīth tí Imām at-Tirmidhī gbà wá, kò ju nǹkan bí ìdajì oṣù lọ tí Zayd fi mọ̀ ọ́n, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí wọ́n bá kọ wá, tí ó sì ń kọ èsì padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó fa àṣẹ yìí. Ẹni tí kò lè ka ìwé tí a kọ sí i wà lọ́wọ́ ẹni tí ń bá a kà á. Bí olùkàwé náà bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, tàbí bí ó fi òmíràn kún un, kò sí ọ̀nà tí yóò fi mọ̀. Ànábì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjọ Mùsùlùmí wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Kíkọ́ èdè àjèjì, nígbà náà, kì í ṣe àṣejù. Ó jẹ́ ààbò.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìdajì oṣù yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin olóye ni Zayd, ṣùgbọ́n ohun méjì mìíràn tún ràn án lọ́wọ́. Èkíní, iṣẹ́ rẹ̀ ní ààlà: ó mọ irú ìwé tí òun ń kọ́ láti kà. Èkejì, èdè àwọn Yẹhúdì àti èdè Lárúbáwá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn sì jọra. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí òun fi ń kàwé, tí ó sì fi ohun tí ó ti mọ̀ ṣe àtẹ̀gùn sí ohun tí kò mọ̀, ọ̀nà rẹ̀ á yá. Zayd yìí kan náà ni Abū Bakr yàn láti kó Àlùkùránì jọ sójú kan, kò sì gbára lé orí ara rẹ̀ nìkan bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó há a sórí: ó wá èyí tí a kọ sílẹ̀, ó sì wá èyí tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, kí ọ̀kan lè jẹ́rìí èkejì.

Hunayn ní Bàgídáàdì

Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn ọba Abbāsí ní Bàgídáàdì fẹ́ kí ìmọ̀ ìṣègùn, ìṣirò àti ọgbọ́n orí àwọn Gíríìkì wọ inú èdè Lárúbáwá. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú iṣẹ́ náà ni Hunayn ọmọ Ishāq, Kírísítẹ́nì kan tí a bí sí ìlú al-Hīra ní ọdún 809, tí ó sì kú ní 873. Àwọn Mùsùlùmí kò bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀ kí wọ́n tó jàǹfààní ìmọ̀ rẹ̀.

As-Safadī, onímọ̀ kan tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni àwọn atúmọ̀ èdè ìgbà náà ń tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, wọ́n á wá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan tó bá a dọ́gba, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Ọ̀nà yìí kò dára, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó ní ojúgbà nínú èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni bí èdè kan ṣe ń to ọ̀rọ̀ kì í ṣe bí òmíràn ṣe ń tò ó. Ọ̀nà kejì ni ti Hunayn: yóò ka gbólóhùn náà tán, yóò jẹ́ kí ìtumọ̀ rẹ̀ jókòó lọ́kàn òun, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn tí ó bá ìtumọ̀ náà mu, ìbáà jẹ́ pé iye ọ̀rọ̀ dọ́gba tàbí kò dọ́gba.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé. Bí ẹnìkan bá sọ pé inú òun dùn, tí àjèjì kan sì ń tú u ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò rò pé oúnjẹ aládùn kan wà ní ikùn ẹni náà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà, ṣùgbọ́n gbólóhùn ti sọnù.

Hunayn tún fi ọgbọ́n mìíràn sílẹ̀ fún wa. Ó ròyìn fúnra rẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní ọmọ nǹkan bí ogún ọdún, òun túmọ̀ ìwé kan tí Galen, oníṣègùn Gíríìkì, kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ òun kún fún àṣìkọ. Nígbà tí ó tó bí ẹni ogójì ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un ṣe. Nígbà náà, ó ti kó ẹ̀dà Gíríìkì púpọ̀ jọ. Ó fi wọ́n wé ara wọn títí ó fi rí ọ̀kan tí ó gún, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ó wá ìwé Galen mìíràn kiri ilẹ̀ Síríà, Palẹsítínì àti Íjíbítì títí dé Alẹkisáńdíríà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ péré ló sì rí, ní Dàmásíkù. Ẹni tí ó mọ èdè Gíríìkì tó báyìí kò gbà pé ojú ìwé kan ṣoṣo tó láti dájọ́. Mélòó nínú wa ni ó ń fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo tí ó rí lórí fóònù dá ẹjọ́ ẹ̀sìn?

Ibn Sīnā àti ogójì ìgbà

Ibn Sīnā, tí a bí ní ọdún 980 nítòsí ìlú Bùkhárà, sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ní òun rí ìwé Aristotle lórí ìpìlẹ̀ ohun gbogbo, èyí tí a ti túmọ̀ láti Gíríìkì sí Lárúbáwá. Ó kà á ní ogójì ìgbà. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Síbẹ̀, kò yé e, ó sì gbà pé kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ ohun tí ìwé náà ń wí.

Ní ọjọ́ kan, ó wà ní ọjà àwọn olùtàwé ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Alágbàtà kan fi ìwé kan lọ̀ ọ́. Ó ní òun kò fẹ́. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé ẹni tó ni ín nílò owó, pé diriham mẹ́ta péré ni. Ó rà á. Ìwé kékeré tí al-Fārābī kọ láti ṣàlàyé èrò tí Aristotle ní lọ́kàn nínú ìwé ńlá náà ni. Ó kà á ní ilé, gbogbo ohun tí ó ti há sórí sì là sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ kejì, ó ṣe sàráà fún àwọn aláìní láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin àgbà wa, ìtàn yìí gbè yín. Ogójì ìgbà tí Ibn Sīnā kàwé láìgbọ́ kò ṣòfò. Bí kò bá sí wọn, ìwé kékeré náà kò bá rí ohun tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ráhùn, ìtàn náà gbè yín pẹ̀lú. Bí ó bá kà á ní ìgbà ogójì sí i láìsí ìwé al-Fārābī, bí ó ti wà náà ni yóò wà. Híhá sórí ń pèsè ilẹ̀ sílẹ̀. Àlàyé ni òjò.

Al-Bīrūnī ní ilẹ̀ Íńdíà

Al-Bīrūnī, ọmọ ìlú Khwārizm tí a bí ní ọdún 973, bá ara rẹ̀ nínú ìjọba tí ó ń gbógun wọ ilẹ̀ Íńdíà. Dípò kí ó tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí a ṣẹ́gun, ó jókòó ti àwọn onímọ̀ wọn, ó sì kọ́ èdè Sanskrit nígbà tí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1030 ni ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí Íńdíà. Ó sọ níbẹ̀ pé òun kò ka owó tàbí wàhálà sí láti rí ìwé wọn kó jọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, kí ó tó sọ ohunkóhun nípa Íńdíà, ó kọ́kọ́ ka àwọn ìdènà tí ó wà lójú ọ̀nà ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ wọn yé. Ó ní ohun kan ṣoṣo lè ní orúkọ púpọ̀ nínú èdè wọn, orúkọ kan ṣoṣo sì lè jẹ́ ti ohun púpọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá wo ohun tó ṣáájú ọ̀rọ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e kò ní mọ èyí tí a ń wí. Ó ní àwọn ìró kan wà níbẹ̀ tí etí àti ahọ́n wa kò mọ̀, tí lẹ́tà Lárúbáwá kò sì lè gbé. Ó ní àwọn adàwékọ kì í ṣọ́ra. Ó tún ní ewì ni wọ́n fi ń kọ ìmọ̀ wọn kí ó lè rọrùn láti há sórí, ewì sì máa ń fi agbára mú ọ̀rọ̀ lọ síbi tí kì bá tí lọ. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí kòtò wà kò ní jìn sí i.

Ilé kéwú àwọn bàbá wa

A dé ilé wàyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ilé kéwú àtijọ́ kò ní ètò, pé pàṣán àti ariwo nìkan ló wà níbẹ̀. Ètò wà níbẹ̀, ó sì jinlẹ̀.

Ọmọ á kọ́kọ́ mọ lẹ́tà lójú wàláà, pátákó tí a fi kálámù àti tàdáwà kọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ́ bí a ṣe ń fi àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀ àti àwọn àmì yòókù pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni yóò máa so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀, títí yóò fi lè kà lọ gbọrọrọ láti àwọn sūra kéékèèké lọ sí àwọn ńlá. Bí a bá kọ ẹ̀kọ́ sójú wàláà, tí ọmọ sì mọ̀ ọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì kọ òmíràn. Ojú ń wò, ẹnu ń pè, etí ń gbọ́, ọwọ́ ń kọ. Nígbà tí ó bá ka Àlùkùránì parí, a ó ṣe wòlímọ̀ fún un.

Ibi tí àríyànjiyàn wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Lẹ́yìn wòlímọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ á bá iṣẹ́ ọwọ́ tàbí òwò lọ. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù, àwọn ni a sì rí. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ni wọ́n rìn. Àwọn tí wọ́n tẹ̀síwájú á jókòó síwájú àáfà láti kọ́ tírà: ìwé al-Akhdarī lórí ìmọ́tótó àti ìrun, Risāla tí Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī kọ lórí òfin Màlíkì, Ājurrūmiyya lórí gírámà, títí dé Tafsīr al-Jalālayn. Bí tafsīr yìí ṣe rí bá ọ̀nà wọn mu púpọ̀, nítorí pé àárín ọ̀rọ̀ Àlùkùránì ni ó máa ń ki àlàyé kúkúrú bọ̀, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kí olùkàwé ṣìnà.

Àáfà á ka ẹyọ gbólóhùn kan ní Lárúbáwá, yóò dúró, yóò sọ ọ́ ní Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ á sì tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ tí kò yí padà. Bí ó bá gbọ́ «inna», «dájúdájú» ni yóò wí. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìfidánilójú wà nínú Lárúbáwá bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ló ń gbọ́. Ìtumọ̀ wọn ń tọ́ka sí ẹ̀kọ́ gírámà.

Ẹ má ṣe rò pé wọn kò mọ ju títú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ wo orúkọ méjì tí ó wà nínú Bismillāhi, Ar-Rahmān àti Ar-Rahīm. Inú gbòǹgbò kan náà ni méjèèjì ti jáde, gbòǹgbò àánú. Bí a bá ní «Aláàánú, Aláàánú», a kò sọ nǹkankan. Àwọn àáfà wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onítafsīr sọ pé èkíní ń tọ́ka sí àánú tí ó kárí gbogbo ẹ̀dá ní ayé, tí èkejì sì ń tọ́ka sí àánú tí Ọlọ́hun yà sọ́tọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́. Wọ́n wá padà sínú oríkì tí àwọn Yorùbá ń sọ ọmọ, Àjọkẹ́ àti Àṣàkẹ́, wọ́n sì wí pé: Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ẹni tí ó ń kẹ́ gbogbo wa pọ̀ láyé, tí yóò sì ṣa àwọn kan kẹ́ lọ́run. Hunayn ìbá kan sáárá sí wọn.

Síbẹ̀, èdè wa ní kòtò tirẹ̀, bí al-Bīrūnī ti rí i nínú èdè ẹlòmíràn. Lárúbáwá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú «huwa» àti «hiya». «Ó» ni a ń pe méjèèjì. «Ẹ̀yin» wa jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tún jẹ́ ti àgbà kan ṣoṣo. «Antum» kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá sì lè tàn wá jù, nítorí pé a rò pé a mọ̀ wọ́n. Àlàáfíà wá láti inú «al-ʿāfiya», ṣùgbọ́n ìlera àti ìgbàlà kúrò nínú ìpọ́njú ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. «Salām» ni àlàáfíà tí a ń wí nígbà tí kò sí ìjà. Wákàtí wá láti inú «waqt», ṣùgbọ́n àkókò ni «waqt», kì í ṣe ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Sàráà wá láti inú «sadaqa», ṣùgbọ́n ohun tí a ń pè ní sàráà nílé ni oúnjẹ àti àsè, nígbà tí Ànábì kọ́ wa pé ẹ̀rín músẹ́ sí ojú ọmọnìkejì jẹ́ sadaqa pẹ̀lú.

Àwọn ìmàle Bahia

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wí pé kò ṣeé ṣe láti kọ́ ìwé Lárúbáwá ní ilẹ̀ àjèjì nítorí pé àyè kò sí, kí ó wo ìlú Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíl. Níbẹ̀, àwọn ẹrú àti àwọn tí wọ́n ti ra ara wọn padà, ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ni a ń pè ní Malê, láti inú ọ̀rọ̀ wa, ìmàle. Yorùbá ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Potogí ni wọ́n ń bá ọ̀gá sọ, Lárúbáwá ni wọ́n sì ń kọ́.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù January ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáànì, wọ́n dìde láti gba ara wọn sílẹ̀. Ìjọba borí wọn, a pa wọ́n, a nà wọ́n, a lé àwọn kan kúrò nílùú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú ilé wọn, wọ́n bá ìwé Lárúbáwá àti wàláà. Wọ́n rò pé àṣírí ọ̀tẹ̀ ló wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wò wọ́n lẹ́yìn náà, Àlùkùránì ati àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ọwọ́ tó kọ wọ́n ṣì ń gbọ̀n. Díẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ṣì wà ní ibi tí ìjọba Bahia ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn ni Pacífico Licutan, àgbàlagbà tí a tún ń pè ní Bilāl. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ìjọ dá owó jọ láti rà á padà, ọ̀gá rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà nítorí gbèsè tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí a rò ó: ènìyàn tí a lè tì mọ́lé nítorí gbèsè tí kò jẹ, òun ni ó ń kọ́ ènìyàn ní lẹ́tà.

Ní ọdún 1866, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Tọ́kì gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro. Ìmáàmù tó wà nínú rẹ̀, Abdurrahmān al-Baghdādī, bá àwọn Mùsùlùmí adúláwọ̀ pàdé. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró kọ́ àwọn. Ó dúró, ó dé Bahia àti Pernambuco pẹ̀lú, ó sì kọ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyà 1835, olùkọ́ ni wọ́n ṣì ń wá.

Láti Agége dé ìtumọ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1906, ìtumọ̀ Àlùkùránì kan jáde ní Èkó ní èdè Yorùbá. Àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì, M. S. Cole, ló ṣe é. Èmi kò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí a lè rántí Zayd: bí a kò bá ka ìwé wa fún ara wa, ẹlòmíràn yóò kà á fún wa. Ó di ọdún 1973 kí ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà pawọ́pọ̀ ṣe tó jáde.

Láàárín ọdún méjèèjì yìí, Shéìkh Ādam Abdullāh al-Ilūrī dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó kọ́ Lárúbáwá gẹ́gẹ́ bí èdè alààyè, ní kíláàsì, pẹ̀lú ìpele: kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á, kí ó sọ ọ́, kí ó sì fi kọ ìwé tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi Lárúbáwá kọ ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà fún gbogbo ayé kà. Ìdajì ọ̀nà tí àwọn díẹ̀ ń rìn tẹ́lẹ̀, ó là á fún ọ̀pọ̀.

Ohun tó kù sí ọwọ́ wa

Ẹ̀yin ará mi, mo gbà pé kí a má ti ilé kéwú pa. Mo sì gbà pé kí a má fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohun tí ìtàn kọ́ wa ni kí a ṣe.

Kí ọmọ máa kà sókè, kí ó sì máa fi ọwọ́ kọ, bí ti wàláà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láti orí ohun tí ó ń lò lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá kí ìrun ọ̀ranyàn márùn-ún, rakaa 17 ni ó kí, ó sì ka Fātiha nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá gbọ́ Fātiha àti ohun tí ó ń wí ní rúkúù àti ní sùjúdù, kò sí ọjọ́ kan tí kò ní lo Lárúbáwá tó yé e.

Kí a kọ́ wọn ní gbòǹgbò ọ̀rọ̀, bí Zayd ṣe lo ohun tí ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ inú Àlùkùránì tó nǹkan bí 77,000, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kò tó 2,000. Ẹni tí ó bá mọ k-t-b pé ó jẹ mọ́ kíkọ, yóò dá «kitāb» mọ̀ ní ìwé, «kātib» ní akọ̀wé, «maktūb» ní ohun tí a kọ.

Kí àwa àgbà má ṣe ka ẹyọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìtumọ̀ kí a sì dìde dájọ́. Kí a ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Kí a ṣí ìtumọ̀ méjì, Yorùbá kan àti Gẹ̀ẹ́sì kan, kí a gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí Hunayn. Ibi tí wọn kò bá ti fẹnu kò, ibẹ̀ gan-an ni kí a ti béèrè, nítorí abéèrè kì í ṣìnà. Kí a sì ka àlàyé kúkúrú lórí ìdí tí sūra kan fi sọ̀kalẹ̀ àti ohun tí ó dá lé, kí a tó máa hùn ún ní ogójì ìgbà.

Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà rántí. Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń di èdè àjèjì sí àwọn ọmọ wa níbí. Bí a bá ń fi Yorùbá túmọ̀ Fātiha fún wọn bí àwọn àáfà wa ti ṣe, èdè méjì ni a ń gbà padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń pe Ọlọ́hun ní Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run, yóò mọ̀ pé ẹ̀sìn rẹ̀ àti ìran rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Licutan kò ní òmìnira, kò ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sì ní ìwé títẹ̀. Ohun tí a ní níbí pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ìran tí ìwé náà yóò ti pa mọ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Kí Ó fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kí Ó sì ṣí ọkàn àwọn ọmọ wa sí ohun tí ẹnu wọn ń kà. Āmīn.